Àwọn àbúrò mi tí wọ́n bí sí Jámánì: ṣé wọ́n ní ìpín nínú ohun tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ifẹ̀ àbí wọn ò ní?

Àdùkẹ́_Ìlódè

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ó gùn díẹ̀, àmọ́ tí mi ò bá sọ ọ́ tán kò ní yé yín.

Ọmọ Ìlódè ni bàbá wa, Ifẹ̀ níbí. Ìdána ìbílẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ ìyá mi, kò sí rẹ́jísírì níbẹ̀ rárá, ìyá mi sì ti dolóògbé kí bàbá tó kọrí sí Jámánì. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo dàgbà sí, màmá ṣì wà láyé, orí wọn sì pé dáadáa. Nígbà tó yá bàbá pàdé obìnrin Jámánì kan, wọ́n mú un wálé wá fi han ẹbí, Ikoyi Registry ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n wá jọ padà sí Hamburg. Ọmọ méjì ló bí fún wọn, wọ́n bí ọkùnrin ní 2001, wọ́n bí obìnrin ní 2009. Láàárín ìgbà yẹn, ní 2006, bàbá gba páálí Jámánì, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ti Nàìjíríà sílẹ̀ kí wọ́n tó lè fún wọn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ìwé ẹ̀ wà nínú ẹrù wọn.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, wọn ò ṣe wíìlì. Ohun tí wọ́n ní nílé ni ilé kan ní Parakin tí wọ́n fowó ara wọn kọ́ kí wọ́n tó rìnrìn àjò, C of O ẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi jẹ́rìí sí ilẹ̀, wà lọ́wọ́ mi. Púlọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Ẹdẹ tí wọ́n rà ní 2015 nígbà tí wọ́n wálé, rìsíìtì ẹbí tó tà á fún wọn nìkan ló wà fún ìyẹn. Àti ìpín tiwọn nínú oko kòkó bàbá àgbà lọ́nà Ìfẹ̀wàrà tí gbogbo ẹbí jọ ń jẹ.

Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí wá pe ìpàdé. Wọ́n ní àwọn ọmọ òyìnbó ò ní ìpín kankan, pé pásípọ́ọ̀tù wọn kì í ṣe tiwa, pé ìyá wọn ò lè jogún ilẹ̀ Ifẹ̀ láéláé, àti pé nígbà tí bàbá fúnra wọn ti kọ Nàìjíríà sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ní ti padà di ti ẹbí. Wọ́n ní èmi nìkan ni àwọn máa ro tiẹ̀ torí mo wà nílé. Wọ́n tiẹ̀ ti ń mú ẹni tó fẹ́ rà á wá wo ilẹ̀ ọ̀nà Ẹdẹ.

Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan náà ló bí wa, àbúrò mi ọkùnrin yìí ló sì ń fi owó òògùn màmá ránṣẹ́ lóṣooṣù látìgbà tí bàbá ti kú. Kí ni òfin sọ, kí sì ni àṣà sọ? Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Mọ̀ọ́rẹ̀

Ọmọ ni ọmọ ń jẹ́ o. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wá ẹni tó máa fi ọ̀dà pupa kọ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ sára ògiri Parakin yẹn lónìí, kẹ́ ẹ ri pátákó mọ́ ọ̀nà Ẹdẹ náà. Àlàyé lè dúró dọ̀la.

Bàbá_Olóko

Àdùkẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Àgbà ni mí, ẹ̀yìn Ìfẹ̀wàrà ni mo ti ń ṣoko, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ sọ níbí. Ẹ má tíì bú àbúrò bàbá yẹn. Ojú wa ti rí nǹkan. Ilé ẹbí kan wà ládùúgbò wa, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun tà á lórí fóònù fún ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ kan ni wọ́n kàn ní kí àwọn arúgbó tó ń gbé inú ẹ̀ kó ẹrù wọn jáde, bẹ́ẹ̀ sàréè bàbá wọn wà nínú pálọ̀, wọ́n tẹ́ tái sórí ẹ̀, ẹni tó rà á fi katakata wó gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò tiẹ̀ wá wò ó. Irú ẹ̀ ló ń ba àwọn àgbà lẹ́rù, kì í ṣe gbogbo wọn ni ojúkòkòrò ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kéèyàn ní ọmọ kì í ṣe ọmọ, n ò bá wọn sọ ìyẹn. Níbí tiwa, ọmọ tí bàbá ẹ̀ bá ti gbà pé òun lòun bí, tó sọ ọ́ lórúkọ, ó ti dé ìdí ogún bàbá ẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ Sókótó ló bí i sí. Ọkùnrin tàbí obìnrin kò yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn wálé kí ẹbí rí ojú wọn. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ìwé lọ lójú tèmi.

Lọ́yà_Lágéré

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Lọ́yà ni mí, Lágéré ni ṣáńbà wa wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àbúrò bàbá yín dà pọ̀ mọ́ra níbi ìpàdé yẹn: ta lọmọ Nàìjíríà, ta lọmọ olóògbé, irú ilẹ̀ wo sì ni. Tẹ́ ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n sọ ò dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà tí wọ́n fẹ́ sún mọ́ òótọ́.

Àbúrò yín ọkùnrin, ọmọ Nàìjíríà ni látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Section 25 nínú Constitution 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè, tí ọ̀kan péré nínú òbí ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni nípa ìbí. 2001 ni wọ́n bí i, 2006 ni bàbá tó fi tiwọn sílẹ̀. Tara wọn ni bàbá fi sílẹ̀ o, kò sí bàbá tó lè bá ọmọ ẹ̀ fi tiẹ̀ sílẹ̀, ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa dàgbà kó tó lè lọ buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Pé kò ní pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ kò sọ ọ́ di àjèjì, kó lọ gbà á ní ẹ́ńbásì ni. Section 28 náà ò bá ọmọ bíbí jà tó bá ní páálí méjì. Section 43 ló wá dé e ládé: ọmọ Nàìjíríà lè ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi nílẹ̀ yìí.

Ilé Parakin ńkọ́? Bàbá fowó ara wọn kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Land Use Act ti 1978, òfin tó ń darí ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ka ohun tó lè mú kí gọ́mìnà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, páálí òkèèrè ò sí nínú ẹ̀. Kò sì sí òfin tó ní kí ilé ẹni tó bímọ padà sọ́wọ́ àbúrò ẹ̀. Torí pé Ikoyi Registry ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, tí kò sì sí wíìlì, Administration of Estates Law tí Òṣun bá nílẹ̀ látìgbà Western Region ló máa pín ilé yẹn: ìyàwó rẹ́jísírì ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ ló ni ìyókù. Ẹ̀yin náà wà nínú àwọn ọmọ yẹn o mà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìdána ìyá yín rẹ́ yín jẹ, láti àwọn ọdún 1950 ni Privy Council, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà yẹn, ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Bamgbose àti Daniel pé ọmọ tí wọ́n bí sínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ń bá wọn jogún lábẹ́ òfin ìjọba.

Oko kòkó yàtọ̀ pátápátá. Ogún ẹbí nìyẹn, bàbá yín gan-an ò bá má lè fi sínú wíìlì torí kì í ṣe tiwọn nìkan. Àṣà ló máa darí ẹ̀. Ìyàwó ò ní nǹkan kan níbẹ̀, ì báà ṣe òyìnbó ì báà ṣe ọmọ Ifẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ ń wọ ipò bàbá wọn. Tó bá di pé wọ́n fẹ́ pín in, ìdí-igi, ìyẹn pípín in ní iye ìyá tó bímọ fún olóògbé, ni kóòtù kà sí àṣà Yorùbá gangan, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀, orí-òjorí, ìyẹn pípín in ní iye ọmọ, sì wà fún ìgbà tí ìdí-igi bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Tí wọ́n bá lo ìdí-igi, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kó ìdajì ìpín bàbá, àwọn méjèèjì á pín ìdajì kejì. Tó bá jẹ́ orí-òjorí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ìdá kan nínú mẹ́ta. Olórí ẹbí ò sì lè dá tà á. Tó bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i, kóòtù lè wọ́ ọ nílẹ̀.

Ọ̀nà Ẹdẹ ló ń dààmú mi. 2015 ni wọ́n rà á, bàbá kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà mọ́ nígbà yẹn lójú òfin. Land Use Act ní gọ́mìnà di ilẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àjèjì tó bá fẹ́ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gọ́mìnà. Ní 2017, Supreme Court dá ẹjọ́ ọkùnrin Jámánì kan tó ní owó òun ni wọ́n fi ra ilé tí wọ́n kọ orúkọ kọ́ńpìnnì sí, ó sì já sí pé àjèjì ò lè gba irú ẹ̀tọ́ ilẹ̀ yẹn bó ṣe wù ú. Torí náà ẹ má fi ìwé ọ̀nà Ẹdẹ sùn. Ẹ lọ bá ẹbí tó tà á lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́, kí wọ́n ṣe ìwé tuntun lórúkọ ẹ̀yin tàbí àbúrò yín ọkùnrin, kí àwọn àgbà wọn buwọ́ lù ú, kó tó di pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọmọ_Mọ̀ọ́rẹ̀

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Pátákó ọ̀nà Ẹdẹ yẹn wá di kíákíá nìyẹn o.

Tóyìn_Bremen

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibí kó má bàa dà bíi pé bàbá yẹn kórìíra ìlú wọn. Nígbà yẹn ní Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní ohun mìíràn tá a lè ṣe, tó o bá fẹ́ páálí wọn, wọn á ní kó o mú ìwé wá láti Àbújá pé o ò jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fáìlì ẹ ò ní kúrò lójú kan. Àwọn èèyàn tó ní ọmọ, tó ní iṣẹ́, tí owó ilé wà lọ́rùn wọn, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n sunkún délé. 27 June 2024 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ tó gbà kéèyàn ní méjèèjì. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ò nílò kó fi ti ilé sílẹ̀ mọ́, ẹ dákun ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín, torí ẹ̀rù ti àtijọ́ ṣì ń ba àwọn kan tí wọn ò tíì gbọ́.

Àǹtí, ohun mìíràn tún ni pé ìyàwó bàbá yín á ti lọ gba Erbschein ní kóòtù Hamburg, ìwé tó sọ ẹni tó jẹ́ àrólé. Ó wúlò fún báǹkì àti ilé tó wà níbí, kí wọ́n má ṣe rò pé wọ́n lè gbé e wá sí Òṣogbo kí wọ́n fi gba ilé Parakin o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbìyànjú ẹ̀, wọ́n dá a padà.

Àdùkẹ́_Ìlódè

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ka ti Lọ́yà fún màmá, wọ́n ní kí n tún un kà.

Àmọ́ Lọ́yà, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa àbúrò mi obìnrin. 2009 ni wọ́n bí i. Tó bá jẹ́ pé ti ọkùnrin dáa torí pé wọ́n bí i ṣáájú 2006, ti obìnrin wá ńkọ́? Òun ló jọ bàbá jù nínú wa, òun ló sì ń kọ́ Yorùbá lórí fóònù lọ́dọ̀ màmá lálaalẹ́ ọjọ́ Sunday. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà_Lágéré

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, torí ó fẹ́ àlàyé.

Ibi tí àbúrò bàbá yín ti sún mọ́ òótọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, bàbá ti kúrò nínú ìwé, ìyá jẹ́ ọmọ Jámánì, torí náà section 25 ò gbé e. Ṣùgbọ́n section 26 gbé e. Ó ní ẹni tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè, tó ti tójú bọ́, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí òbí ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lè fi orúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà. Ìyá àgbà yín tó wà ní Ìlódè nìyẹn! Wọ́n máa ní kó fi hàn pé ìwà ẹ̀ dáa, pé ó fẹ́ máa gbé nílé, kó sì búra. Wọn ò ní gba ti Jámánì lọ́wọ́ ẹ̀ tìtorí ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ibẹ̀, section 28 fi àyè yẹn sílẹ̀. Kó tó tó ọjọ́ orí yẹn, ẹ wá gbogbo ìwé màmá jọ, ìwé ọjọ́ orí, NIN, ìwé local government, kẹ́ ẹ tó wá a tì.

Èyí ò sì kan bóyá ó jẹ́ ọmọ olóògbé. Ọmọ ni, ìpín ẹ̀ wà. Ohun tó lè di wàhálà ni kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sórí ìwé ilẹ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin àti àbúrò yín ọkùnrin lè gba Letter of Administration, ìwé kóòtù tó fún èèyàn láṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa di tiẹ̀ mú fún un, owó háyà tó bá wọlé kẹ́ ẹ pín in fún un bí ó ṣe tọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tíì pé 21 náà, Land Use Act sì sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé 21 ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀ láìsí alágbàtọ́, àyàfi tó bá jẹ́ ogún ló dé bá a.

Ìyá wọn náà lè forúkọ sílẹ̀ tó bá wù ú. Section 26 yẹn kan náà gba obìnrin tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà tàbí tó ti fẹ́ ẹ rí, bàbá sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n fẹ́ra. Tí kò bá fẹ́, kí wọ́n ṣírò ìdá tiẹ̀ sí owó kí wọ́n sì san án fún un.

Ejigbo_Abidjan

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. Ará Ejigbo ni bàbá mi, ará Ivory Coast ni màmá mi, Abidjan ni wọ́n bí mi sí, páálí méjèèjì ló wà lọ́wọ́ mi. Bàbá àgbà mi ló wá dá oko kòkó sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ifẹ̀ láyé àtijọ́, bàbá mi jogún ẹ̀, kó tó di pé wọ́n lọ Abidjan. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbéra pé àwọn fẹ́ ta oko yẹn. Onílẹ̀ jókòó lé àga ẹ̀, kò bínú rárá, ó kàn bi wọ́n pé, "Ta ló san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá?" Ó wá mú ìwé àkọsílẹ̀ jáde, ti bàbá àgbà wà níbẹ̀, iye kòkó gbígbẹ tí wọ́n ń gbé wá lọ́dọọdún, orúkọ, àmì ìka dúdú níwájú orúkọ. Gbogbo wa dákẹ́. Igi kòkó la jogún, ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Kò sẹ́ni tó lé wa, a ṣì ń ká kòkó níbẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ là ń san, wọ́n sì ń gbà á. Mo sọ ọ́ torí ẹni tó ń gbé òkèèrè, wọ́n á sọ fún un pé "bàbá ẹ ní oko ní Ifẹ̀", kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni àbí igi. Kẹ́ ẹ bi ìyẹn kọ́kọ́.

Ti ìhà kejì wá yí padà. Bàbá wa dá oko sí apá Soubré. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní Ivory Coast ní December 1998, ìjọba àti ọmọ Ivory Coast nìkan ló lè jẹ́ oníǹkan ilẹ̀ oko. Èmi tí màmá mi jẹ́ ọmọ ibẹ̀, mo lè gba ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí ìyá wọn jẹ́ ará Ejigbo, tí wọ́n ṣiṣẹ́ oko yẹn ju mi lọ, wọn ò lè gbà á lórúkọ ara wọn. Èmi ni mo dúró fún gbogbo wa. Mo lè rẹ́ wọn jẹ tí mo bá fẹ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí Àǹtí Àdùkẹ́, mo mọ ohun tó ń gbé lọ́kàn.

Lọ́yà_Lágéré

Ẹ̀gbọ́n Abidjan, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Supreme Court sọ ọ́ gbangba pé Land Use Act ò sọ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ di onílẹ̀, onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀. Gbogbo wa tá a mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ẹ̀mí ti lọ sí i. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè wá jogún oko níbí, kó kọ́kọ́ lọ kí onílẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà_Ìmọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Tèmi wá yàtọ̀, obìnrin ni mí, ọmọ Iléṣà, òyìnbó ará London ni ọkọ mi, a ní ọmọ mẹ́ta. Mo ra ilẹ̀ sí Iléṣà, a sì ti kọ́lé dé òrùlé, owó èmi àti ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Tí mo bá kú ṣáájú ọkọ mi, kí ni wọ́n máa ṣe fún un? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò burú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí àwọn ìyàwó wọn ń sọ.

Lọ́yà_Lágéré

Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn ọmọ yín, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n nípasẹ̀ yín, òfin ò wò ó bóyá bàbá ni àbí ìyá. Ọkọ yín ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ le. Section 26 tó gba ìyàwó òyìnbó láyè láti forúkọ sílẹ̀, kò gba ọkọ òyìnbó. Ọ̀nà tó kù fún un ni kó gbé nílé fún ọdún 15 kó tó béèrè. Àìdọ́gba yìí dùn mí, ó dùn mí gan-an, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, torí obìnrin wa tó fẹ́ àjèjì kò ṣẹ̀ ju ọkùnrin wa tó fẹ́ àjèjì lọ.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kí ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ yín, kẹ́ ẹ ṣe wíìlì, kẹ́ ẹ fi ilé yẹn fún àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé ọkọ yín ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Ẹ má fi ìpín yín nínú ilẹ̀ ẹbí sínú wíìlì o, ìyẹn ò ní dúró. Ẹ tún yan ẹni tó wà nílé mọ́ àwọn tó máa mú wíìlì ṣẹ. Tó bá jẹ́ London ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba probate, ìyẹn àṣẹ kóòtù láti mú wíìlì ṣẹ, kóòtù wa lè tún òǹtẹ̀ lù ú, torí òfin fi àyè yẹn sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan. Ti Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀, tuntun ni wọ́n máa gbà níbí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé obìnrin kì í jogún níbí, láti 1908 nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ni kóòtù ti sọ pé ọmọbìnrin Yorùbá ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin nínú ohun ẹbí.

Ìjẹ̀ṣà_Ìmọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Wíìlì ni mo ń lọ ṣe.

Sọfíyọ̀_Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá Àǹtí Àdùkẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìwé, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. C of O Parakin yẹn, ẹ wo ọdún tó wà lórí ẹ̀. Òṣun ò tíì dá dúró kí 27 August 1991 tó dé, torí náà tó bá jẹ́ ti ṣáájú ìgbà yẹn, Ìbàdàn ló ti jáde, orúkọ Ọ̀yọ́ State ló máa wà lórí ẹ̀. Kì í ṣe ayédèrú tìtorí ìyẹn, mo ti rí ọmọ onílẹ̀ tó fi dẹ́rù ba opó kan. Ẹ gbé fọ́tòkọ́pì ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́rẹ̀ l'Óṣogbo, ẹ san owó search kí wọ́n bá yín yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti fi nǹkan lé e.

Ọ̀nà Ẹdẹ, ẹ lọ wá òkúta bíkìnì, òkúta tí wọ́n fi pààlà ilẹ̀ yẹn. Ẹ gbé survey plan dání tó bá wà, nọ́ńbà tó wà lára òkúta gbọ́dọ̀ bá tinú ìwé mu, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni, wọ́n máa ń fi ìka kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì tútù, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́, á hàn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti hú òkúta kan tàbí wọ́n ti gbin pákí bò ó, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àdùkẹ́_Ìlódè

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. A ti ṣèpàdé ẹbí.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló bí wọn, èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ, ẹni tó bá ní wọn kì í ṣe ọmọ, kó wá bi mí." Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo sọ fún ẹbí pé orí-òjorí ni mo fẹ́ kí wọ́n fi pín ìpín bàbá wa nínú oko kòkó, pé mi ò gba ìdajì lọ́wọ́ àwọn àbúrò mi torí pé ìyá wa yàtọ̀. Àwọn àgbà méjì dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àbúrò bàbá mi náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí Bàbá_Olóko sọ ràn mí lọ́wọ́, mo fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, mo ní mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ilé má lọ sọ́wọ́ àjèjì, a wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ ta ìpín ẹ̀, ẹbí ló máa kọ́kọ́ fi lọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wà lórí fídíò, ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tó kù nìyí. Lórí ọ̀nà Ẹdẹ, àbúrò bàbá mi mú páwà ọ́fù àtọ́nì kan jáde tí bàbá fún wọn ní 2015, pé kí wọ́n máa bójú tó ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì lè tà á. Ojúlówó ni, mo mọ ọwọ́ bàbá mi. Wọ́n ní ó fún àwọn lágbára láti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ rà á. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Àbúrò mi ọkùnrin náà fẹ́ fún mi ní páwà tiẹ̀, ṣé kí n gbà á?

Lọ́yà_Lágéré

Mà, páwà yẹn ti kú lọ́jọ́ tí bàbá kú. Ẹni tó fúnni ní irú agbára bẹ́ẹ̀ láti ṣe nǹkan lórúkọ òun, bó bá ti jáde láyé, agbára yẹn ti bá a lọ, àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹni tó gbà á ti san owó gidi fún un, ìyẹn ò sì ṣẹlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fi ìwé yẹn ta ilẹ̀ lónìí, kò ta nǹkan kan. Ẹ sọ fún wọn tìfẹ́tìfẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́ létí ara ẹ̀, torí òun ni owó ẹ̀ máa rì. Mo lè bá yín kọ lẹ́tà sí i.

Ti àbúrò yín ọkùnrin, ẹ gbà á, òun wà láyé. Kó buwọ́ lù ú níwájú notary ní Hamburg, kó kọ ohun tó fún yín láyè láti ṣe sínú ẹ̀ ní kíkún, kó sì kọ ọ́ gbangba pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ta nǹkan kan láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, ìyẹn á dáàbò bo ẹ̀yin méjèèjì. Àmọ́ Letter of Administration ló ṣáájú ohun gbogbo. Wọ́n máa gbé e sínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sọ̀rọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí àbúrò bàbá yín mọ̀ kó tó rí i níbẹ̀. A máa fi caveat, ìyẹn ìwé tó ń dá wọn dúró, síwájú Probate Registry láàárín ọ̀sẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni má bàa sáré gbà á ṣáájú yín. Ohun tí mo nílò lọ́wọ́ yín ni ìwé ikú bàbá láti Hamburg pẹ̀lú ìtumọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lu òǹtẹ̀, sátífíkéètì Ikoyi, ìwé ọjọ́ orí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti fọ́tòkọ́pì C of O.

Àdùkẹ́_Ìlódè

Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi àyàfi ìtumọ̀ ìwé ikú. Àbúrò mi ní ọ̀dọ̀ atúmọ̀ tó ti búra ní kóòtù ibẹ̀ lòun ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n mú ìyókù wá sí Lágéré ní Monday.

Lọ́yà_Lágéré

Ó dáa mà. Ẹ wá ṣáájú aago mẹ́wàá, mo ní ẹjọ́ ní High Court lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ mú màmá dání tí ara wọn bá gbà á, mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ lórí ọjọ́ tí wọ́n sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ.